Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn ICU Sùn

Aago méjì òru ti lù. Àdúgbò ti pa lọ́lọ́, àwọn ẹbí aláìsàn tó tẹ́ ẹní sí gbàgede ilé ìwòsàn ti sùn lọ, ṣùgbọ́n inú ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, kò yàtọ̀ sí ọ̀sán gangan. Iná funfun òkè àjà ń tàn yòò. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ń ké pí, pí, pí lápá ọ̀tún. Èyí tó ń bá aláìsàn mí ń fẹ́ fùú lápá òsì. Rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wú fúnra rẹ̀, ó fún apá aláìsàn pinpin, ó sì dẹ̀. Kò pẹ́ sí i, aago ìkìlọ̀ han ní bẹ́ẹ̀dì kejì, torí pé okùn dírípù ká. Ní aago mẹ́ta, nọ́ọ̀sì méjì yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ìdí rẹ̀ má baà dégbò. Ní aago mẹ́rin, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí èsì láàbù lè ti wà nílẹ̀ kí àwọn dókítà tó bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, omi ìwẹ̀ ti dé.

Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò nídìí. Tọkàntọkàn ni àwọn tó ń ṣe é fi ń ṣe é, ọwọ́ wọn ò sì tó nǹkan. Àmọ́ tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹni tí ara rẹ̀ nílò oorun jù ní gbogbo ìlú ni kò rí oorun sùn. Ẹ wo ṣáàtì aláìsàn náà: ìfúnpá ní ìlà tirẹ̀, ìgbóná ara ní tirẹ̀, èémí ní tirẹ̀, títí dórí ìwọ̀n ìtọ̀ tó ń tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oorun kò ní ìlà kankan. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀ láàárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìtọ́jú ni oorun, bí oògùn àti ọ́síjìn ṣe jẹ́ ìtọ́jú. Ó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kan sì wà tí yóò máa dáhùn fún un.

Ibi tí ìṣọ́ òru náà ti ṣẹ̀

Ní 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark. Àrùn náà ń rọ iṣan tí èèyàn fi ń mí, ẹ̀rọ ìmí tó wà nílé ìwòsàn Blegdam kò sì ká àwọn tí wọ́n ń gbé wọlé. Bjørn Ibsen, dókítà tó mọ̀ nípa oògùn apàmọ̀lára, ló dábàá pé kí wọ́n lu ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn, kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí èèyàn sì máa fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń tẹ àpò afẹ́fẹ́ náà kí ẹ̀mí má baà bọ́. Ní ìparí ọdún 1953, Ibsen ṣí wọ́ọ̀dù kan sí Kommunehospitalet nílùú kan náà, níbi tí wọ́n á ti máa ṣọ́ àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè láìdákẹ́. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ICU àkọ́kọ́ láyé.

Ìṣọ́ òru ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ICU sílẹ̀. Olùtọ́jú ni kò gbọdọ̀ sùn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àìsùn ẹni tó ń ṣọ́nà ran ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Ní ọdún 1953 yẹn kan náà, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ti Yunifásítì Chicago gbé ìwádìí jáde nípa ìgbà kan nínú oorun tí ẹyin ojú máa ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí àlá sì máa ń pọ̀. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ nípa oorun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ìtọ́jú ICU àti ìmọ̀ nípa oorun jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, síbẹ̀ wọn kò tètè mọ ara wọn. Ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ICU tó wà ní Amẹ́ríkà, Society of Critical Care Medicine, tó gba oorun sí àárín àwọn orí ọ̀rọ̀ ńláńlá inú ìlànà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrora, ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ àti àìlèdìde.

Oorun tó já sí wẹ́wẹ́

Ìpele-ìpele ni oorun ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń lọ. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́, tí ìró ilẹ̀kùn lásán lè jí èèyàn, ó ń wọ inú èyí tó jinlẹ̀, lẹ́yìn náà ni oorun àlá. Ìyípo kan ń gba nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, a sì ń ṣe bí mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́jú. Nínú oorun tó jinlẹ̀ ni ara ti ń tú họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè jáde jù, òun náà ló sì ń ran àtúnṣe iṣan àti awọ lọ́wọ́.

Ti ICU kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, àwọn onímọ̀ kan ní Philadelphia lẹ wáyà mọ́ orí àwọn aláìsàn 22 kí wọ́n lè ka bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú oorun. Tí èèyàn bá ka wákàtí nìkan, á ní wọ́n sùn dáadáa, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́. Àmọ́ ju ìdajì oorun náà ló bọ́ sí ọ̀sán, ó sì já sí wẹ́wẹ́. Oorun fífúyẹ́ ló pọ̀ jù nínú irú oorun bẹ́ẹ̀. Èyí tó jinlẹ̀ àti oorun àlá, tí ara ń wá, ló ń ṣọ̀wọ́n.

Àdánù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àárẹ̀ nìkan. Ní Chicago, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le máa sun wákàtí mẹ́rin péré lálẹ́, wọ́n sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àìsàn flu. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ohun tí ara wọn pèsè láti bá àrùn náà jà kò tó ìdajì ti àwọn tó sùn bó ṣe yẹ. Ọ̀dọ́ tí kò ní àìsàn kankan lára nìyẹn. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Òru kan ṣoṣo láìsùn tún máa ń dín ìforítì iṣan ìmí kù. Iṣan yìí gan-an ni ẹni tí wọ́n fẹ́ já kúrò lára ẹ̀rọ ìmí gbọ́dọ̀ gbára lé.

Kí ló ń jí wọn?

Ariwo ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 1999 pé kí ariwo inú yàrá aláìsàn má ṣe kọjá 30 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lóru. Níbi tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n nínú ICU, ó sábà máa ń kọjá 50, tí aago ìkìlọ̀ bá sì han, ó lè wọ 80. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń fi mẹ́wàá lé ni etí èèyàn ń gbọ́ ọ bíi pé ariwo náà di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ìyàtọ̀ 30 sí 50 kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí ni kò sì bá ewu kankan wá: aláìsàn kàn gbé apá ni, tàbí ohun tí wọ́n há mọ́ ìka rẹ̀ yẹ̀.

Síbẹ̀, ìwádìí Philadelphia yẹn fi hàn pé ariwo kò fa tó ìdá kan nínú márùn-ún ìgbà tí àwọn aláìsàn ta jí. Ọwọ́ ń jí wọn pẹ̀lú. Ní 2004, àwọn nọ́ọ̀sì olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ka iye ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ kan aláìsàn lóru nínú ICU mẹ́rin. Nínú òru 147 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógójì lóru kan, tí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni aláìsàn rí àlàfo wákàtí méjì sí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ju ìdajì ìwẹ̀ ojoojúmọ́ ló sì bọ́ sáàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ àti aago mẹ́fà àárọ̀. Kò sí àìsàn tó ní kí wọ́n wẹ èèyàn ní ìdájí. Ètò iṣẹ́ ló gbé e síbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ máa ń tú họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ melatonin jáde láti sọ fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Iná tó mọ́lẹ̀ kedere máa ń dá a dúró. Ibi tí iná kò ti kú lóru, tí fèrèsé kò sì sí tí oòrùn lè gbà wọlé lọ́sàn-án, ara kì í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́. Ẹ ṣírò ìrora mọ́ ọn, àti òùngbẹ, àti ìbẹ̀rù, àti àrùn fúnra rẹ̀. Kódà ẹ̀rọ ìmí lè jẹ́ ọ̀tá oorun: tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ kó máa ti afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, èémí aláìsàn á dá dúró díẹ̀ lójú oorun, á sì ta jí gìrì. Dókítà tó bá fara balẹ̀ lè tún èyí ṣe.

Oògùn tó ń tẹ́ni dùbúlẹ̀ kì í ṣe oorun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹbí máa ń sọ tí wọ́n bá yọjú wo èèyàn wọn: “Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ó mà ń sùn dáadáa.” Ojú rẹ̀ pa dé lóòótọ́, ara rẹ̀ rọ̀, kò sì mira. Yorùbá ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Aláìsàn tí midazolam tàbí propofol tẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe apirọrọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó sùn náà. Tí wọ́n bá wo ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, kì í tẹ̀ lé ìpele oorun tó yẹ kó máa yí po. Oògùn ìrora bíi morphine àti fentanyl máa ń dín oorun tó jinlẹ̀ àti oorun àlá kù. Dexmedetomidine sún mọ́ oorun ju àwọn tó kù lọ, àmọ́ ó fi oorun jọ lásán ni.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má lo oògùn. Ẹni tí rọ́bà wà ní ọ̀fun rẹ̀, tí egungun rẹ̀ sì ti fọ́, kò yẹ kí ìrora máa jẹ ẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé oògùn yẹn nìkan ló lè jẹ́ kó wà láàyè. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí oorun. Ìlànà 2018 yẹn pàápàá dábàá pé kí wọ́n má ṣe lo propofol nítorí oorun lásán.

Nígbà tí orí bá dàrú

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò ní gbàgbé irú ọjọ́ báyìí. Bàbá tó jẹ́ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn dírípù tu. Ó ń sọ ìrànrán, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ pa òun, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ó ní ó dúró sí ìdí fèrèsé. Níta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iṣẹ́ ayé ni, ẹnì kan á pe pásítọ̀, òmíràn á pe àáfà. Àdúrà kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹbí mọ̀ pé ìṣòro ọpọlọ tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa ni, ó wọ́pọ̀ ní ICU, wèrè kọ́, kò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń ṣe é. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ìmí ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2004, ó ju mẹ́rin lọ nínú aláìsàn márùn-ún tó ní irú ìdàrúdàpọ̀ yìí nígbà kan tàbí òmíràn nínú ICU. Láàárín oṣù mẹ́fà, 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in ló kú. Nínú àwọn tí kò ní in, 15 ni.

Oríṣi kan tún wà tí kì í pariwo. Aláìsàn á kàn dákẹ́, á máa wo òkè àjà, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, gbogbo èèyàn á sì rò pé ó ń gbádùn ìsinmi ni. Èyí ló rọrùn jù láti fojú fò dá. Àìsùn àti ìdàrúdàpọ̀ yìí sì máa ń gbé ara wọn lẹ́sẹ̀: ẹni tí kò sùn, orí rẹ̀ lè dàrú, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, oorun á sá fún un. Àwọn mìíràn gbé àìsùn náà délé. Wọ́n ti gba ìwòsàn tán, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, oorun wọn kò lọ geere, àlá burúkú sì ń jí wọn.

Ohun tó ti ṣiṣẹ́, àti ohun tí a ti mọ̀

Ní Antwerp, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìwádìí kan tó jáde ní 2012 fi aláìsàn 136 ṣe àyẹ̀wò ohun kékeré kan: wọ́n fi ìdítí rírọ̀ sí etí àwọn kan lóru, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lo ìdítí ní ìdàrúdàpọ̀ orí tó kéré, pàápàá tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ láti òru àkọ́kọ́. Ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, èsì iṣẹ́ wọn jáde ní 2013. Wọ́n ń dín iná kù lóru, wọ́n ń ṣí aṣọ fèrèsé láàárọ̀, wọ́n ń pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń kó iṣẹ́ tó bá ṣeé kó pọ̀ jọ kí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n béèrè bí àwọn aláìsàn ṣe sùn sí, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ iye àwọn tí orí wọn dàrú dín kù gan-an. Mo gbà pé èyí tó láti ṣiṣẹ́ lé lórí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ ariwo. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Nítorí pé ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ òjijì lè mú kí gbogbo iṣan ara rẹ̀ gan, wọ́n á wá kọ̀rọ̀ tó dákẹ́ fún un, wọ́n á fi aṣọ dí fèrèsé, wọ́n á máa yọ́ rìn, wọ́n á kó ìtọ́jú rẹ̀ jọ sí àsìkò kan náà, wọ́n á sì kìlọ̀ fún ẹbí kí wọ́n má gbóhùn sókè. Ìran àwọn nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òmíràn ti ń ṣe é láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣọ́ra yẹn fún àwọn yòókù ní wákàtí mélòó kan lóru.

Mi ò gbàgbé bí nǹkan ṣe rí nílé. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri. Ooru ń mú. Bẹ́ẹ̀dì ICU kò tó, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà sì ti japa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ òru fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó kù ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kò náni lówó: kí wọ́n gbé ìwẹ̀ kúrò ní ìdájí, kí wọ́n pa iná tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ sí, kí olùtọ́jú má dúró níbi orí aláìsàn sọ̀rọ̀ fóònù, kí wọ́n dín ohùn aago ìkìlọ̀ kù débi tó tọ́, kí wọ́n sì ṣètò rẹ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan kó má baà máa ké lásán. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dín kù lóru, nọ́ọ̀sì náà á rí àyè mí.

Àwọn ẹbí ní ipa tiwọn. Ẹ mú awò ojú bàbá wá, ẹ mú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ìyá wá, torí ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn kò lè mọ ibi tó wà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé aago àti kàlẹ́ńdà síbi tí ojú rẹ̀ á tó o. Tí ẹ bá ráyè wọlé lọ́sàn-án, ẹ sọ ọjọ́ fún un, ẹ sọ ibi tó wà, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìwádìí kékeré kan ní Florida tó jáde ní 2017 lo ohùn ẹbí tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé sí aláìsàn létí lọ́sàn-án. Orí àwọn tó gbọ́ ohùn èèyàn wọn dàrú fún ọjọ́ tó kéré. Fóònù tó wà lápò yín lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí ilé ìwòsàn bá gbà. Tí alẹ́ bá wá lẹ́, kí gbogbo wa dákẹ́.

Ìlà tí ṣáàtì nílò pàápàá ti wà nílẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Richards-Campbell Sleep Questionnaire. Ìbéèrè márùn-ún ni lórí abala ìwé kan: ṣé oorun náà jinlẹ̀? Ṣé ó tètè gbé ọ lọ? Ẹ̀ẹ̀melòó lo jí? Ṣé o tètè padà sùn? Báwo ni oorun náà ṣe rí lápapọ̀? Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni ìlà kan wà láti 0 dé 100. Aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ nítorí rọ́bà ọ̀fun lè fi bírò sàmì sí i. Ó dára kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é, torí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn nọ́ọ̀sì sábà máa ń rò pé aláìsàn sùn ju bí aláìsàn ṣe sọ lọ. Nígbà tí ilé ìwòsàn bá ti kó ìwé yìí jọ fún oṣù kan, wọ́n á rí òru tó burú, wọ́n á sì lè wá ìdí rẹ̀.

Ohun tó kù ni àṣẹ. Kí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ya aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí sọ́tọ̀ fún oorun àwọn tí àìsàn wọn gbà á láyè. Kí nọ́ọ̀sì tó bá di wọ́ọ̀dù mú lóru náà sì ní ẹnu láti sọ fún dókítà èyíkéyìí, láìbẹ̀rù pé wọ́n á bá òun wí, pé: “Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ jẹ́ kó sùn.”